Tíìpù Àfipágbà: Ọrùn Ta Ni Owó Oṣù Agbáwo Wà?



Láti ìgbà tí a ti ṣe àsè ìdágbére fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tó fẹ̀yìn tì ni àwọn kan ti ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan, wọn kò sì jẹ́ kí a gbádùn. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ilé àrójẹ náà gbé ìwé owó dé, wọ́n kọ oúnjẹ sí i, wọ́n kọ ọtí sí i, wọ́n kọ VAT ti ìjọba sí i, wọ́n wá kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n pè ní sáfíìsì ṣáàjì, ìdá 10 nínú 100. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a san án kí a máa lọ. Àwọn kan yarí, wọ́n ní tíìpù ni wọ́n fi orúkọ ńlá bò mọ́lẹ̀, pé ẹ̀bùn ni tíìpù, kò sì sí ẹni tó lè fi dandan gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni. A san án. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò tán: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ilé àrójẹ ní agbára láti fi dandan gba tíìpù lọ́wọ́ oníbàárà?

Èsì tiwa ni pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ahun àárín wa má tíì pàtẹ́wọ́, nítorí kì í ṣe àpò oníbàárà ni a ń gbèjà. Agbáwo ni a ń gbèjà. Ìlà yẹn tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé owó, owó oṣù agbáwo ni ọ̀gá bù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ tó gbé ka orí oníbàárà, a sì fẹ́ kí ó gbé e padà sí ibi tó ti mú un.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan òṣìṣẹ́ fákítọ̀rì àti awakọ̀ nínú ọ̀rọ̀ abọ́ àti síbí. Ó kàn wá. Ọmọ wa ló ń gbé abọ́ níbẹ̀. Ìyàwó àwọn kan nínú wa ló ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọgbọ́n tí ọ̀gá kan bá dá ní ilé àrójẹ tó sì jẹ, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá tiwa náà yóò fi dán an wò.

Ẹ̀yin awakọ̀ dánfó kò tilẹ̀ nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti dá iye tí ẹ ó kó fún un lálẹ́. Bí epo wọ́n, bí òjò rọ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há yín mọ́ Ojúẹlẹ́gba láti àárọ̀ dọ̀sán, owó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiyín. Bí kò bá sì ṣẹ́ kù, ẹ ti fi ọjọ́ náà ṣe sàráà. Ewu òwò ti kúrò lọ́rùn ẹni tó ni òwò, ó ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tíìpù tí wọ́n bá sọ di owó oṣù ṣe ń rí fún agbáwo. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kò bá wá, ọ̀gá kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní ìtọrẹ. Ní ọjà wa, ẹni tó ń tà ni ó ń fún ẹni tó ń rà ní èènì. Ìyá elégbo wọn gàrí, ó tún bu díẹ̀ lé e. A lè bẹ̀bẹ̀ fún èènì, a lè fi ẹnu dídùn wá a, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tó mú ọlọ́jà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí pé kò fún òun ní èènì. Onílù ńkọ́? Bí a bá pe onílù sí òde ìyàwó, a ti bá a dúnàádúrà kí ọjọ́ tó pé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, owó tí àwọn èèyàn bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí lọ́tọ̀. Ẹ kò tíì rí ìwé ìpè òde tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí àlejò kọ̀ọ̀kan san iye báyìí fún onílù kó tó jókòó. Ohun tí inú bá rọ̀ mọ́ ni ẹ̀bùn. Bó bá ti di dandan, orúkọ rẹ̀ ti yí padà: bí kì í bá ṣe owó ọjà, a jẹ́ pé owó orí ni, a kò sì tíì gbọ́ pé ìjọba fún onílé àrójẹ ní àṣẹ láti máa bu owó orí tirẹ̀ fún ará ìlú.

Ohun kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá fẹ̀yìn tì, gírátúítì ni wọ́n ń pè é. Owó tí èèyàn jù sílẹ̀ lórí tábìlì fún agbáwo, gírátúítì náà ni. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀tọ́ tí àwọn tó ṣáájú wa jà fún lórí tábìlì àdéhùn, ìkejì jẹ́ àánú. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá tó bá ń pe méjèèjì ní ohun kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí a bá jẹun ₦20,000, VAT ìdá 7.5 nínú 100 jẹ́ ₦1,500. Sáfíìsì ṣáàjì ìdá 10 jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦23,500. A mọ ibi tí ₦1,500 ń lọ. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni, òfin ló sì gbé e láti ìdá 5 sí 7.5 ní oṣù kejì 2020. ₦2,000 ìyókù ńkọ́? Àpò ọ̀gá ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ohun tó bá sì ti bọ́ sí àpò ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń jáde.

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé àrójẹ kan ní agbègbè Ìkẹjà, a kò ní dárúkọ ilé náà kí wọ́n má baà lé e. Ohun tó sọ fún wa nìyí. Owó sáfíìsì gbogbo oṣù ni mánijà ń kó jọ. Bí oṣù bá parí, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó abọ́ àti gíláàsì tó fọ́. Wọ́n á yọ owó oníbàárà tó jẹun tó sá lọ. Wọ́n á yọ ti àwọn ọ̀gá kéékèèké tí kì í gbé abọ́ rárá. Àwọn tó ń dáná àti àwọn tó ń fọ abọ́ kò sí nínú ìwé pínpín, nítorí oníbàárà kò rí ojú wọn. Ìyókù ni wọ́n ń pín fún àwọn agbáwo, wọn kò sì fi ìwé ìṣirò kankan hàn wọ́n. Ó ní oṣù kan wà tí ohun tó kàn án kò tó owó ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oníbàárà tó san ₦2,000 yẹn sì ti dìde, ó ti na apá, ó gbà pé òun ti ṣe agbáwo lóore, kò sì tún mú nǹkan kan jáde lápò mọ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòji.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbọ́n tó. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fàyè gba ọ̀gá láti máa yọ owó lára owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà bà á jẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Èyí jẹ́ bí owó náà bá jẹ́ owó ọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní sáfíìsì, ọ̀gá á ní ẹ̀bùn oníbàárà ni, kò sí nínú owó ọ̀yà, òun á sì yọ owó abọ́ nínú rẹ̀ tẹ́rùntẹ́rùn.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ńkọ́? Òfin 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa fi owó pamọ́ fún òṣìṣẹ́: ọ̀gá á san ìdá 10, òṣìṣẹ́ á san ìdá 8, lórí owó oṣù gan-an àti owó ilé àti owó ọkọ̀. Sáfíìsì kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú agbáwo kan tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, iye tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024, ká sì sọ pé ó tún ń rí ₦30,000 nínú sáfíìsì. Lójú rẹ̀, ₦100,000 ló ń gbà. Lójú ilé ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì, ₦70,000 ló ń gbà. Ìdá 18 lórí ₦30,000 tó kù síta jẹ́ ₦5,400 lóṣù, ₦64,800 lọ́dún. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ogún ọdún, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì fi èlé tí owó náà ìbá ti bí kún un.

Bó bá lóyún ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó ọ̀yà rẹ̀. Ìdajì owó ọ̀yà ni òfin wí. Kò sí ẹni tí yóò fún un ní ìdajì tíìpù. Ìyá ọmọ tuntun á wá rí i pé owó tó fi ń jẹun tẹ́lẹ̀ kò sí lórí ìwé kankan.

Òfin owó oṣù tó kéré jù fúnra rẹ̀ ní ihò. Kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, èyí sì ni púpọ̀ nínú ilé àrójẹ tó wà ní àdúgbò wa. Kò sì de àwọn tó ń gba owó lórí iye ọjà tí wọ́n bá tà, èyí tí a ń pè ní kọmíṣọ̀n. Bí a bá fi ọwọ́ ara wa gbà pé ìdá nínú owó oúnjẹ ni owó agbáwo, kí ni yóò dí ọ̀gá lọ́wọ́ lọ́la láti wí pé kọmíṣọ̀n ni mo ń san, òfin yín kò kàn mí?

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Àwọn kan ti rìn ín ṣáájú wa, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865 tí àwọn ẹrú sì di òmìnira, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Pullman dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1867 tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin tí èrò lè sùn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wà nílé. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló gbà síṣẹ́ láti máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti máa gbé ẹrù, láti máa nu bàtà èrò lóru. Owó tó ń san fún wọn kò tó nǹkan, torí ó mọ̀ pé èrò yóò fún wọn ní tíìpù. Ọ̀dà bàtà tí wọ́n fi ń nu bàtà èrò, àwọn ni wọ́n ń fi owó ara wọn rà á. Bí èrò bá jí táwẹ́ẹ̀lì lọ, owó wọn ni ilé iṣẹ́ ń yọ. (Ẹ rántí owó abọ́ ti Ìkẹjà.) Kódà orúkọ wọn kò sí lẹ́nu èrò; George ni ọ̀pọ̀ èrò ń pe gbogbo wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú.

Ní 1915 ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pe àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà síwájú. Ó hàn gbangba pé dọ́là 27 àti sẹ́ǹtì 50 ni owó oṣù wọn, tíìpù ló sì ń bọ́ ìdílé wọn. Ẹni tó jẹ́ alága ilé iṣẹ́ náà, tó wá jẹ́rìí lọ́jọ́ náà, ni Robert Todd Lincoln, ọmọ Abraham Lincoln tó fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ẹrú. Ẹ ò rí ayé bí?

Ní 1925 ni àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Brotherhood of Sleeping Car Porters, A. Philip Randolph sì ni olórí wọn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí. Ẹgbẹ́ náà kò ní kí ilé iṣẹ́ máa fi dandan gba tíìpù lọ́wọ́ èrò kí owó àwọn lè pọ̀ sí i. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣe àkóso ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n gbé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní kí ó dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́kun fífi tíìpù dípò owó ọ̀yà. Ní 1928 ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ àṣẹ òun. Wọn kò torí ìyẹn túká. Ní 1937, lẹ́yìn ọdún 12, ilé iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: owó oṣù gbé sókè, wákàtí iṣẹ́ tó ń tó 400 lóṣù wálẹ̀ sí 240. Òṣìṣẹ́ tó mọ adùn tíìpù jù lọ ní ayé nìyẹn, owó oṣù ni wọ́n ní àwọn fẹ́.

Àwọn agbáwo ilé àrójẹ Amẹ́ríkà kò rí irú rẹ̀ gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn fàyè gba ọ̀gá láti san dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 13 fún wákàtí kan, láti 1991, nígbà tí owó tó kéré jù fún àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ti di dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25 ní 2009. Oníbàárà ni yóò fi tíìpù dí àlàfo àárín rẹ̀. Lóòótọ́, òfin ní bí tíìpù kò bá dí i tán kí ọ̀gá fi kún un, ṣùgbọ́n a fẹ́ rí agbáwo tó máa lọ bá ọ̀gá jókòó ṣírò bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ bíi California kò gba ti dọ́là méjì yẹn. Owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ pé kí tíìpù tó dé. Àwọn ilé àrójẹ California kò sì tíì torí ẹ̀ kógbá sílé.

Nítorí pé owó kékeré ni wọ́n ń san ni àwọn ilé àrójẹ wọn ṣe ń kọ ìdá 18 tàbí 20 nínú 100 sí ìwé owó àwọn tó bá kó èrò wá. Ní 2004, ní ìlú Lake George ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n kọ ìdá 18 fún ọkùnrin kan. Ó san owó oúnjẹ pé, ó fi tíìpù tó wù ú sílẹ̀, kò tó iye tí wọ́n kọ. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì mú un bí olè. Agbẹjọ́rò ìjọba ló wo ọ̀rọ̀ náà tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé tíìpù kì í ṣe ohun tí a lè fi òfin gbà. Àjọ owó orí Amẹ́ríkà tilẹ̀ là á yé wọn, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014, pé owó tí ilé àrójẹ bá fi dandan kọ sí ìwé kì í ṣe tíìpù rárá. Owó ilé iṣẹ́ ni, bí wọ́n bá sì pín in fún òṣìṣẹ́, owó ọ̀yà ni. Ohun tí a ń wí gan-an nìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti kíṣìnì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Títí di 2009, ọ̀gá lè mú tíìpù kó fi ká owó ọ̀yà tó kéré jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2009, òfin ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ń yọ tiwọn nínú sáfíìsì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Unite àti àwọn mìíràn pariwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin ní 2023, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024: gbogbo tíìpù àti gbogbo sáfíìsì, ti òṣìṣẹ́ ni, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ àfi owó orí, ó gbọ́dọ̀ pín in bó ti yẹ, kí ó sì san án kó tó di òpin oṣù tó tẹ̀lé èyí tí oníbàárà sanwó, ìwé bí ó ṣe pín in gbọ́dọ̀ wà fún òṣìṣẹ́ láti rí. A kò sọ pé òfin yìí pé. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti Ìkẹjà.

Nísinsìnyí, a gbọ́dọ̀ dá àwọn agbáwo lóhùn, torí àwọn kan nínú wọn kò fara mọ́ wa. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi wá sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í fún èèyàn ní tíìpù. Ẹlòmíràn á jẹ ẹran tán, á pàṣẹ bí ọba, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ dúpẹ́. Bó bá wà lórí ìwé, ó kéré tán á san án." Ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́ nínú, a kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Ẹni tí ebi ń pa kò ní kọ ohun tó dájú nítorí ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ohun tó dájú nínú rẹ̀? Dídájú tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà yóò san án. Kò dájú pé yóò dé ọwọ́ yín. Owó oṣù tí a kọ sínú ìwé àdéhùn nìkan ló dájú, òun ni ẹ lè gbé lọ sí kóòtù, òun ni ẹ lè fi bẹ báǹkì fún owó yíyá.

Àwọn onílé àrójẹ náà ní tiwọn. Wọ́n ní bí àwọn bá fi owó náà kún owó oṣù, iye oúnjẹ yóò gbẹ́nu sókè, oníbàárà yóò sì sá. Ẹ gbọ́ná! Ṣé oníbàárà kò tíì ń san án ni? Abọ́ oúnjẹ tí ẹ kọ ₦10,000 sí, ₦11,000 ni ẹ ń gbà lórí rẹ̀ kí VAT tó dé. Ẹ kọ ₦11,000 sí orí ìwé oúnjẹ, kí ẹni tó ń wọlé mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé bó bá hàn, ẹ kò ní lè fi ẹ̀tàn fa èrò mọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ti ní kò yẹ kí a gba iye tó ju èyí tí a kọ síta lọ́wọ́ oníbàárà. Lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ, èyí tí èèyàn ní láti fi awò kà, ìyẹn kì í ṣe kíkọ síta lójú tiwa.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú wa ní kí wọ́n yọ dandan kúrò, kí oníbàárà máa fi tíìpù ṣe ìdájọ́ ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa. A kò fara mọ́ ìyẹn náà, bí owó oṣù kò bá pé. Ta ló fi oníbàárà ṣe fóomàn? Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé tíìpù ọkùnrin ọ̀mùtí ni yóò fi san owó ilé, yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Yóò rẹ́rìn-ín ni, torí owó ilé. Ẹ̀yin tó ní ọmọbìnrin, ẹ rò ó wò. Bí owó oṣù rẹ̀ bá pé, yóò lè yọ ọwọ́ náà kúrò kí ó sì pe mánijà. Nítorí náà a kò gba tíìpù dandan, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba tíìpù alágbe. Kí owó oṣù pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn kó fún agbáwo ní ohun tó bá fẹ́, lọ́wọ́ sí ọwọ́, kó fi ra obì.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wa yóò gbé wá síwájú ìpàdé gbogboogbò nìyí. Ẹ̀ka wa kò ní ṣe àsè mọ́ ní ilé kankan tó bá ń gba sáfíìsì tí kò lè fi ìwé bí ó ṣe ń pín in hàn wá. A ó kọ ìwé sí NLC ti ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin: ilé tó bá kọ sáfíìsì sí ìwé, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú owó ọ̀yà, títí kan ti ẹni tó ń fọ abọ́, kí owó ìfẹ̀yìntì sì ti ara rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì wà, NUHPSW ni wọ́n ń pè é; ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò nínú iṣẹ́ náà, kó sọ fún un pé kó lọ forúkọ sílẹ̀. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ lónìí náà bẹ̀rù kí a tó forúkọ sílẹ̀.

Títí ìpàdé yóò fi dé, bí wọ́n bá gbé irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má bá agbáwo jà, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Mánijà ni kí ẹ pè, kí ẹ bi í pé èló ni agbáwo yìí rí nínú sáfíìsì oṣù tó kọjá. Ẹ gba rìsíìtì yín, kí ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì wa, ó ń kó wọn jọ. Orúkọ agbáwo sábà máa ń wà lórí rìsíìtì náà. Ẹ fi bírò pa á rẹ́ dáadáa kí ẹ tó mú un wá.